Ṣé Ó Máa Jí? Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Ọpọlọ Ẹni Tó Fi Orí Gbálẹ̀

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó máa jí?"

Ìbéèrè yìí ni àwọn ẹbí ń bi mí jù ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn tó fara pa ní Àkúrẹ́ níbí. Wọ́n ń bi mí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bi mí níbi tí mo ti ń ra àkàrà láàárọ̀, ìyá kan tilẹ̀ tẹ̀lé mi dé Ọjà Ọba. N kì í dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, n kì í sì í dáhùn pé rárá. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí wọ́n lọ ra ìwé kékeré kan àti bírò wá. Àwọn mìíràn máa ń bínú, wọ́n rò pé mo fẹ́ fi ìyẹn lé wọn lọ ni. Ṣùgbọ́n inú ìwé yẹn ni ìdáhùn wọn máa wà. Ọpọlọ tó fara pa kì í fi ibi tó ń lọ han èèyàn lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ẹ rí láago mẹ́jọ kò tíì jẹ́ nǹkan kan, àfi tí ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ rí láago mẹ́fà.

Ẹ̀yin ẹbí tó jókòó ti aláìsàn ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin ọmọ nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ wọ́ọ̀dù. Dókítà ló ni ìpinnu. Ojú tó ń ṣọ́ ni tiwa.

Wákàtí àkọ́kọ́

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọpọlọ máa ń fara pa. Àkọ́kọ́ ni ìgbà tí orí gbá títì. Ìyẹn ti ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dá a padà. Èkejì ni ohun tó ń tẹ̀lé e: ọpọlọ á wú nínú agbárí tí kò lè fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣẹ́ sínú, atẹ́gùn ò ní dé ibẹ̀ tó. Tìtorí èkejì yìí la ṣe ń ṣọ́ ọ.

Ẹ pe 112, tàbí 122 ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ẹ má gbé e sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà kí ọrùn rẹ̀ máa fì sọ́tùn-ún sósì. Ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu bí gìrì bá gbé e. Kí ẹ tó gbéra, ẹ fi fóònù béèrè bóyá síkáànì, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, ń ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ ń lọ lọ́jọ́ náà. Wákàtí méjì tí ẹ fi ń wá síkáànì kiri láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó kò ní padà mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: aago tó ṣubú, bóyá ó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tó ṣubú, bóyá ó bì, bóyá gìrì gbé e. Ti ọ̀rọ̀ sísọ yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó sọ̀rọ̀ níbi tó ṣubú sí, tó wá dákẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sínú agbárí rẹ̀, abẹ sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là bí wọ́n bá tètè mọ̀. Ẹni tí kò sọ nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀, ìtàn tirẹ̀ yàtọ̀. Tí ẹ bá dé wọ́ọ̀dù, tí ẹ ní "a ò mọ̀," ẹ ti gba ohun ńlá kan lọ́wọ́ dókítà.

Ní wọ́ọ̀dù, nọ́ńbà 90 lèmi kọ́kọ́ máa ń wò, lọ́nà méjì. Atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nọ́ńbà òkè nínú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ náà kò sì gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ ju 90. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá já, kódà fún ìgbà díẹ̀, ìrètí aláìsàn ń dín kù nìyẹn. A sì ń yẹ ṣúgà ara wò, nítorí ẹni tí ṣúgà rẹ̀ lọ sílẹ̀ lè dàbí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá.

Ojú, ẹnu, ọwọ́

Ní 1974, dókítà méjì ní ìlú Glasgow ní Scotland, Graham Teasdale àti Bryan Jennett, gbé ìṣirò kan jáde tí a fi ń wọn bí aláìsàn ṣe jí tó, gbogbo ayé sì ń lò ó títí di òní. Lọ́dún yẹn kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odeku kú, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní UCH Ìbàdàn ní 1962. Ìbàdàn yìí kan náà la ṣì ń gbé àwọn kan lọ láti ọ̀dọ̀ wa nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le. Mo fẹ́ràn ìṣirò Glasgow yìí nítorí pé kò gba iná NEPA, kò gba owó, ọwọ́ àti etí àti ojú ló gbà.

Ojú la ń kọ́kọ́ wò. Tó bá ń là á fúnra rẹ̀, 4. Tó bá di ìgbà tí a pè é kó tó là á, 3. Tó bá di ìgbà tí a tẹ ẹsẹ̀ èékánná rẹ̀ kó tó là á, 2. Tí kò bá là á rárá, 1. Bí ojú bá wú pa, ẹ má kọ 1. Ẹ kọ C, kí ẹni tó ń bọ̀ mọ̀ pé wíwú ló pa á dé.

Ẹnu ló tẹ̀lé e. Ẹni tó mọ orúkọ ara rẹ̀, tó mọ ibi tó wà, tó mọ oṣù tí a wà, 5 ni tirẹ̀. Ẹni tó ń sọ gbólóhùn ṣùgbọ́n tó ní oko lòun wà, 4. Ẹni tó kàn ń sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan méjì, "Màámi," "fi mí sílẹ̀," 3. Ìkérora lásán, 2. Ìdákẹ́ pátápátá, 1. Bí wọ́n bá ti ki rọ́bà sí i lọ́fun kí ẹ̀rọ lè máa bá a mí, T la ń kọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí yìí la ti ń ṣe àṣìṣe jù. Wọ́n gbé ìyá àgbà kan wá láti Ìdànrè, ó yọ̀ ṣubú níbi òkúta. Dókítà kékeré kan bi í lédè Gẹ̀ẹ́sì pé níbo ló wà, ọjọ́ wo ni òní. Ìyá kò gbọ́ ọ, ó kàn ń sọ nǹkan mìíràn. Dókítà kọ 4, ó ní orí rẹ̀ ti dàrú. Mo tẹ̀ sí i létí, mo ní, "Ìyá, níbo la wà yìí?" Ìyá bojú wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Ọsibítù ni. Ṣé ẹ̀yin ò mọ̀ ni?" 5 ni ìyá àgbà. Èdè tó gbọ́ ni kí ẹ fi bi í, bó bá sì jẹ́ ẹ̀ka èdè ìlú rẹ̀ ni, kí ọmọ rẹ̀ bá a sọ ọ́. Ẹni tó ń fi ọjọ́ ọjà ka ọjọ́, ọjọ́ ọjà ni kí ẹ bi í.

Ọwọ́ ló kẹ́yìn, òun sì ló wúwo jù. Ẹ fi ìka méjì sí i lọ́wọ́, ẹ ní kó dì í mú, lẹ́yìn náà ẹ ní kó tú u sílẹ̀. Títú sílẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí, nítorí ọwọ́ ẹni tí kò mọ nǹkan kan náà lè di ìka mú bíi ti ìkókó. Tó bá dì í tó sì tú u, tàbí tí ẹ ní kó yọ ahọ́n tó sì yọ ọ́, 6. Tí kò bá ṣe ohun tí a wí, ṣùgbọ́n tí a fi ọwọ́ fún iṣan èjìká rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ gòkè wá síbẹ̀ láti lé ọwọ́ wa, 5. Tó bá kàn fa ara sẹ́yìn, 4. Tí apá bá ká sí àyà gírígírí, 3. Tí apá bá nà gbọnrangandan, 2. Tí kò bá mira rárá, 1. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá ṣe dáadáa ju ti òsì lọ, èyí tó dára jù la ń kà, ṣùgbọ́n ẹ kọ ìyàtọ̀ náà sílẹ̀.

Àròpọ̀ rẹ̀ ń bẹ láàárín 3 sí 15. Láti 13 sí 15, ìfarapa fẹ́ẹ́rẹ́ ni. 9 sí 12, ìwọ̀nba. 8 sísàlẹ̀, ó le, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè dáàbò bo ọ̀nà ọ̀fun ara rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má kọ "9" nìkan sínú ìwé yín. Ẹ kọ ojú sọ́tọ̀, ẹnu sọ́tọ̀, ọwọ́ sọ́tọ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ 5 àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ 3 lè jọ wà ní 9, ọ̀nà tí wọ́n ń lọ kò sì jọra rárá.

Ọmọlójú

Ẹ dín iná yàrá kù. Ibí yìí nìkan ni NEPA ti ń ṣe wá lóore. Ẹ là á lójú, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín, kí ẹ máa wo àárín dúdú ojú náà. Ó yẹ kó sún kì, wéré báyìí, kí ti ojú kejì náà sì sún kì pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ṣe é lójú kejì. Bí ọ̀kan bá tóbi ju èkejì lọ, tí kò sì mira sí iná, ẹ má jókòó, ẹ lọ pe dókítà. Ẹ̀gbẹ́ tí ọmọlójú náà wà ni ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń wà, apá àti ẹsẹ̀ òdìkejì rẹ̀ ló sì máa ń rọ. Kí ẹ tó pariwo ṣá, ẹ bi àwọn ẹbí bóyá ojú yẹn ti ní àìsàn tẹ́lẹ̀, tàbí wọ́n ti kán oògùn sí i.

Láti 2018 ni Teasdale àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọmọlójú kún ìṣirò yẹn: ẹ yọ 1 kúrò nínú àròpọ̀ fún ojú kọ̀ọ̀kan tí kò bá dáhùn sí iná. Ó rọrùn, ó sì ń sọ púpọ̀ nípa ẹni tó máa yè.

Ìgbà mélòó, àti ìgbà tí a ń sáré

Tí àròpọ̀ kò bá tíì pé 15, gbogbo ìdajì wákàtí la ń yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá pé 15, ìdajì wákàtí ni fún wákàtí méjì, lẹ́yìn náà wákàtí kọ̀ọ̀kan fún wákàtí mẹ́rin, lẹ́yìn náà wákàtí méjì-méjì. Bí àròpọ̀ bá fi 1 lọ sílẹ̀ tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́, pàápàá bó bá jẹ́ ọwọ́ ló lọ sílẹ̀. Bí ojú tàbí ẹnu bá fi 3 já, tàbí tí ọwọ́ fi 2 já, ẹ sáré. Ẹ sáré bákan náà bí ìfúnpá bá ń gòkè tí lílù ọkàn sì ń falẹ̀, tí mímí náà ń ṣe ségesège. Ohun tí ọpọlọ tí agbárí fún mọ́lẹ̀ ń ṣe nìyẹn, ó sì ti ń pẹ́ nígbà tí ẹ bá rí i.

Ọ̀rọ̀ oorun ń dà mí láàmú. Àwọn ìyá wa á ní, "Ẹ jẹ́ kó sinmi." Láàárín òru, ẹ jí i. Mo mọ ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan tí wọ́n gbé wá láti ojú ọ̀nà Oǹdó lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ògógóró ń rùn lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e dé ibì kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n ní ọtí ló ń pa á, kí wọ́n jẹ́ kó sùn. Ó ń han-unrun. Han-unrun yẹn ló fi gbogbo wọn lọ́kàn balẹ̀. Wọ́n rò pé oorun ayọ̀ ni, kò sẹ́ni tó rò ó pé ahọ́n tó ṣubú sẹ́yìn ló ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wa ní ìdájí, ọmọlójú ọ̀tún ti fẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tó mutí náà lè fi orí gbálẹ̀, ọtí kì í sì í sọ ọmọlójú kan di ńlá kó fi èkejì sílẹ̀. Ó yè, lẹ́yìn abẹ, ṣùgbọ́n ó ń tiro. Wákàtí mẹ́fà ló fi sun "oorun" yẹn.

Àwọn ẹ̀rọ

Síkáànì orí máa ń fi ẹ̀jẹ̀ hàn, ó ń fi wíwú hàn, ó ń fi egungun tó fọ́ hàn. Èyí tí a ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́ lè mọ́, kí ẹ̀jẹ̀ wá yọ lẹ́yìn náà, nítorí náà bí dókítà bá ní kẹ́ ẹ tún un ṣe, kì í ṣe pé ó fẹ́ jẹ yín lówó.

Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń fi wáyà tín-ín-rín sínú agbárí láti ka bí ohun inú rẹ̀ ṣe ń tẹ̀ tó. Ti àgbàlagbà tó lálàáfíà máa ń wà láàárín 7 sí 15 mmHg. Bó bá ti kọjá 22, ìtọ́jú gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ nọ́ńbà yẹn kúrò nínú ìfúnpá àárín, ìyẹn ìpíndọ́gba ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ohun tó kù ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń wọ ọpọlọ, a sì ń fẹ́ kó wà láàárín 60 sí 70. Ẹ̀rọ yìí kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kí ìyẹn má pa yín láyà. Ní 2012, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde láti Bolivia àti Ecuador, lórí aláìsàn 324: wọ́n fi ẹ̀rọ yìí ṣọ́ àwọn kan, wọ́n fi síkáànì àti àyẹ̀wò ara lemọ́lemọ́ ṣọ́ àwọn yòókù. Ìdá àwọn tó yè àti bí ara wọn ṣe rí kò yàtọ̀ lọ títí. Àwọn kan fi ìyẹn ní ẹ̀rọ náà kò wúlò. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ṣíṣọ́ lemọ́lemọ́, tí wọ́n sì ń ṣe nǹkan sí ohun tí wọ́n rí, ìtọ́jú gidi ni, ibikíbi tó wù kó ti wáyé.

Ẹ̀rọ tó ń ka iná mànàmáná inú ọpọlọ ni èyí tí Hans Berger fi kọ́kọ́ ka ti èèyàn ní Jámánì ní 1924. Ó wúlò fún ẹni tí kò jí, tí a ò sì mọ ìdí rẹ̀: gìrì lè máa jà nínú ọpọlọ kí ìka kan má mì lóde. Oògùn lè tú irú ìyẹn sílẹ̀, torí náà bí wọ́n bá ní ẹ gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ náà wà, ẹ gbé e lọ.

Ìgbà wo la lè sọ̀rọ̀ nípa ọ̀la?

Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kó di wákàtí 72. Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ lílù dúró tí wọ́n sì jí i padà, òfin ni èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ láàárín àwọn dókítà. Fún ẹni tó fi orí gbálẹ̀, ó máa ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá bó bá jẹ́ ọ̀dọ́. Oògùn oorun tí wọ́n fún un gbọ́dọ̀ ti kúrò lára rẹ̀, ó sì ń pẹ́ kó tó kúrò bí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ bi nọ́ọ̀sì: "Ìgbà wo ló gba oògùn oorun kẹ́yìn?" Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀.

Ohun tó ń sọ ọ̀la jù nínú ìfarapa orí ni ọjọ́ orí, ọwọ́ nínú ìṣirò Glasgow, àti ọmọlójú. Lẹ́yìn ìyẹn ni síkáànì, àti bóyá atẹ́gùn tàbí ìfúnpá já ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn onímọ̀ ti kó wọn pọ̀ sínú ìṣirò bíi CRASH àti IMPACT tí dókítà lè ṣe lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn ni nọ́ńbà tó bá jáde níbẹ̀ ń sọ, kì í ṣe ọmọ yín. Ohun tí mo bẹ̀rù jù nínú iṣẹ́ yìí ni kí á kánjú sọ pé kò ní yè, kí á dáwọ́ dúró, kó kú, kí á wá ní a ṣáà ti sọ.

Bó bá lajú tí kò sì dáhùn

Ìgbà yìí ló ń dá ẹbí lójú rú jù. Ojú là, ó ń sùn, ó ń jí, ṣùgbọ́n kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ wá dígí. Kì í ṣe tọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe ìka: dígí tí òun fúnra rẹ̀ lè rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ gbé e síwájú rẹ̀, ẹ rọra gbé e lọ sọ́tùn-ún, ẹ gbé e padà sósì, lókè, nísàlẹ̀. Ẹni tí kì í tọpa ohun mìíràn máa ń tọpa ojú ara rẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹ ṣe é lákòókò tó yàtọ̀, nígbà tí kò rẹ̀ ẹ́, nígbà tí wọn kò tíì fún un lóògùn. Bí ojú bá tọpa rẹ̀, ó ti gòkè ní ìpele kan, ẹ sì sọ fún dókítà.

Ní 2024, àbájáde ìwádìí kan jáde láti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù lórí aláìsàn 241 tí kò dáhùn sí ọ̀rọ̀ kankan lójú. Àwọn olùwádìí ní kí àwọn aláìsàn náà máa fọkàn rò ó pé àwọn ń ṣe nǹkan, bíi kí wọ́n máa la ọwọ́ kí wọ́n sì máa pa á dé. Nínú ọpọlọ àwọn 60, ẹ̀rọ rí i pé wọ́n ń ṣe ohun tí a wí. Ọ̀kan nínú mẹ́rin. Nítorí náà ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, ẹ dárúkọ ara yín, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún un kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró sídìí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ máa pín oko kòkó rẹ̀. Mo ti lé ẹbí méjì síta nítorí ìyẹn.

Lẹ́yìn tó bá ti ń sọ̀rọ̀

Ìdánwò kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó sì ń rẹ́rìn-ín lè máà tíì bẹ̀rẹ̀ sí í rántí nǹkan. Ẹ bi í ní ọ̀sán pé kí ló jẹ láàárọ̀, ta ló wá kí i lánàá. Fi àwòrán mẹ́ta hàn án, kí ẹ béèrè wọn lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ tó bá ń dáhùn dáadáa láì já, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Iye ọjọ́ tó wà láàárín ìjàǹbá àti ọjọ́ yẹn wà lára ohun tó ń sọ jù bí ìpadàbọ̀sípò rẹ̀ á ṣe rí. Bó bá ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ẹ má retí kó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù tó ń bọ̀.

Oṣù kẹfà lẹ́yìn ìjàǹbá ni àwọn dókítà sábà máa ń fi wọn ibi tí èèyàn dé, nípa ìṣirò tí Jennett àti Michael Bond gbé jáde ní 1975. Ẹ má kọ "ara rẹ̀ ti yá" sínú ìwé. Ẹ kọ bóyá ó lè dá lọ ra nǹkan kó sì ka ṣéńjì bọ̀, bóyá ó ń bínú ju bó ṣe ń bínú tẹ́lẹ̀, bóyá orí ń fọ́ ọ, bóyá gìrì ti gbé e. Ọlọ́kadà kò gbọ́dọ̀ gun ọ̀kadà kí dókítà tó ní kó gùn ún. Ẹ gbé ìwé náà dání lọ sí kíníìkì, torí pé dókítà tuntun lẹ máa bá níbẹ̀.

Ìyá ọmọkùnrin ojú ọ̀nà Oǹdó yẹn fi ìwé rẹ̀ hàn mí ní oṣù kẹfà. Ojú ewé àkọ́kọ́, ojú 1, ẹnu 2, ọwọ́ 4, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó ń gbọ̀n. Ojú ewé tó kẹ́yìn: "Ó kọ oúnjẹ. Ó ní iyọ̀ ò tó nínú ọbẹ̀. Òótọ́ ló sọ."